Ṣẹ́lákì tí mo fi kun ẹ̀yìn gìtá mi ti ń funfun: ṣé kí n fá a kúrò ni?

OníGìtáÀkọ́kọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Gìtá àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ló wà níwájú mi yìí. Igi spruce ni ojú rẹ̀ (pákó iwájú), ọ̀gànwó ni ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti ọrùn rẹ̀, mo sì fi igi maple funfun ṣe etí rẹ̀ yíká. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, ní alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ mi. Mi ò tíì lẹ bíríìjì, igi tí okùn ń so mọ́ lójú gìtá, mọ́ ọn.

Ìṣòro mi rèé. Mo pinnu pé ṣẹ́lákì, oje kòkòrò tí wọ́n ń yọ́ sínú sípíríìtì, ni màá fi kùn ún, torí mi ò ní kọ́npírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà, yàrá kékeré kan nínú ilé ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo da ṣẹ́lákì sínú akísà, mo wọ́n ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n ń pè ní pumice sí i kó lè dí àwọn ihò tíntìntín ara igi, mo wá ń yí akísà náà po lórí igi. Lọ́jọ́ kìíní, ó dán. Lọ́jọ́ kejì, akísà bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọn, ó fa ojú rẹ̀ ya níbi méjì. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ibì kan ti funfun bí ìgbà téèyàn bá mí sórí dígí. Ihò igi ò sì tíì dí.

Àbúrò mi tó máa ń ta gìtá kọrin ni mo ṣe é fún, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí n gbé e lé e lọ́wọ́. Ṣé kí n fá gbogbo rẹ̀ kúrò, kí n wá bí mo ṣe máa fín lákà, ọ̀dà dídán tó ń yára gbẹ, sí i? Àbí kí n kúkú fi epo pa á? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ibi tí iṣẹ́ ti ń parí lọ yìí ni màá ti bà á jẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Kàfíńtà_Àgbà

Má fá a o. Ọ̀rinrin ni. Omi wà nínú sípíríìtì tó o lò, tàbí kó jẹ́ pé alẹ́ tí afẹ́fẹ́ tutù lo kùn ún. Dúró di ọ̀sán tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ta sípíríìtì díẹ̀ sí akísà mímọ́, kó o fi gba ojú rẹ̀ féfé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Á lọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń kun àga àti tábìlì, mo ti rí i ju bí mo ṣe lè kà lọ.

Àǹtí Ṣẹ́lákì

Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ ọ̀rinrin lóòótọ́, àmọ́ kò tíì dájú.

Àbúrò, gbé iná kan sí ẹ̀gbẹ́ gìtá náà, kó lọ sílẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á máa rá kọjá lórí igi. Má gbé e sókè orí. Wá wò ó dáadáa. Bí funfun náà bá bo ojú igi bíi kùrukùru, ọ̀rinrin ni, ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ni kó o ṣe. Bó bá jẹ́ inú ihò igi nìkan ló ti funfun, tó tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlà igi ṣe lọ, pumice lò ń wò yẹn. O wọ́n ọn jù, ṣẹ́lákì ò sì rin ín dé ìdí. Pumice tó bá mu ṣẹ́lákì yó kì í hàn sójú rárá. Èyí tó bá gbẹ ni í funfun. Sípíríìtì tó o bá fi gba ojú rẹ̀ lásán ò ní mú ìyẹn lọ.

Mo ti fi ṣẹ́lákì kun gìtá bí ogójì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é.

Ṣẹ́lákì tó wà ní ìpẹ́pẹ́ ni kó o rà, má ra èyí tí wọ́n ti pò sínú agolo, torí o ò mọ̀gbà tí wọ́n pò ó. Kòkòrò kan ló ń sun ún sára ẹ̀ka igi ní Íńdíà àti Thailand, wọ́n á wá fọ̀ ọ́, wọ́n á yọ́ ọ. Wá èyí tí wọ́n ti yọ ìda kúrò nínú rẹ̀. Gíráàmù 24 sínú mílílítà 100 sípíríìtì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ sópin ni mo máa ń là á, títí á fi dà bíi gíráàmù 12 nínú 100. Sípíríìtì náà kò gbọ́dọ̀ ní omi púpọ̀ nínú, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù, torí májèlé nìyẹn, ó ń gba awọ ara àti èémí wọlé, ó sì lè fọ́ni lójú.

Kọ ọjọ́ tó o pò ó sára ìgò. Àtìgbà tó bá ti yọ́ sínú sípíríìtì ló ti ń gbó, bó bá sì pẹ́ tó bí oṣù mẹ́fà, kì í fẹ́ gbẹ dáadáa mọ́. Kán ẹ̀kán kan sórí dígí kó o tó lò ó. Bí èékánná rẹ bá ṣì ń wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, dà á nù, má ṣe ṣàánú owó tó o fi rà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń mú kí akísà rẹ lẹ̀ nìyẹn.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, akísà ti tutù jù. Òwú ni kó wà nínú, kí aṣọ ọ̀gbọ̀ tó ti gbó, tí fífọ̀ ti sọ di ẹlẹ́gẹ́, wà lóde, kó o dì í kó le bí èso tí kò tíì pọ́n. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà. Kó fi àmì tútù sílẹ̀ tó máa gbẹ kó o tó ka márùn-ún. Bí bébà bá rin, o ti da ṣẹ́lákì sí i jù. Kán òróró ólífì ẹyọ kan sí ìdí akísà kó lè máa yọ̀. Wá gbé e sórí igi bí ẹyẹ ṣe ń bà tó sì tún ń fò: kó ti máa lọ kó tó kan igi, kó ṣì máa lọ nígbà tó bá ń kúrò. Má dúró lórí rẹ̀ láé, ìṣẹ́jú àáyá kan péré tó láti fa á ya. Bó o bá ti rí i pé ó ń fà, kúrò níbẹ̀, lọ sí ẹ̀gbẹ́, lọ sí ọrùn. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì ń fà, jáwọ́ di ọjọ́ kejì.

Ibi méjì tó ya yẹn, má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì. Tó bá ti le, fi sáńpépà nọ́ńbà 400 àti òróró díẹ̀ gbo ó títí á fi tẹ́jú, kó o máa kùn ún lọ.

Alákà

Mo bọ̀wọ̀ fún Àǹtí, àmọ́ ẹni tó ń kọrin káàkiri ni wọ́n fẹ́ gbé gìtá yìí fún. Ọtí tó bá ta sí ṣẹ́lákì á yọ́ ọ. Òógùn apá á jẹ ẹ́. Inú mọ́tò tó gbóná á rọ̀ ọ́. Ìdí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi Martin fi kúrò lórí fáníìṣì àti ṣẹ́lákì bọ́ sórí lákà ní àwọn ọdún 1920 nìyẹn, lákà yá ju ṣẹ́lákì lọ, ó sì le jù ú lọ.

Irú lákà tí wọ́n ń pè ní nitrocellulose ni mò ń sọ o. Èyí tó o bá fín lé ti tẹ́lẹ̀ á yọ́ wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á di awọ kan ṣoṣo, nítorí náà bó bá họ lọ́la, títún un ṣe ò le. Fá ẹ̀yìn yẹn, dí ihò igi, fi ṣẹ́lákì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ìsàlẹ̀, kó o fín in lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí o ò bá ní kọ́npírẹ́sọ̀, lákà inú agolo tí wọ́n ń tẹ̀ wà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti pọ̀ jù fún un.

Atúngìtáṣe

Ibi tí Alákà ti tọ́, ó tọ́. Lákà rọrùn láti tún ṣe, gìtá tó ti lò ó bí ọgọ́ta ọdún ṣì máa ń dé tábìlì mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì wà níbẹ̀ tí mi ò lè fi sílẹ̀.

Èkíní: fífín rẹ̀ lè gba ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ kò tíì gbó, ìyẹn ni pé kò tíì gbẹ dénú, nígbà yẹn. Tínà, omi tí wọ́n fi ń là á, á ṣì máa jáde nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì, bó sì ṣe ń jáde ni lákà á máa rọ̀ lọ sínú ihò igi. Bó o bá gbo ó kó dán ní ọ̀sẹ̀ kìíní, á tẹ́ bíi dígí. Tó bá di oṣù tó tẹ̀ lé e, wàá rí ìlà igi tó ti yọ padà. Ka ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, kà á mọ́ ti dídí ihò igi àti lílẹ bíríìjì, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti tán.

Èkejì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Inú ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kékeré. Èéfín lákà máa ń gbiná. Kò dìgbà tí èèyàn bá ṣáná: iná gáàsì ìdáná nínú yàrá kejì, ẹ̀rọ amúlétutù tó ṣẹ́ná, fìríìjì tó ta pàrà nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, èyíkéyìí nínú wọn tó. Ìbòmú tí wọ́n fi ń dènà eruku ò sì dá èéfín yẹn dúró rárá, èyí tó ní àgolo èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín lákà nínú ilé tí èèyàn ń sùn sí.

Ní ti ọ̀rinrin, ẹni tó bá ń sá fún un nínú ṣẹ́lákì á tún pàdé rẹ̀ nínú lákà. Tínà tó ń yára fò lọ máa ń mú kí ojú rẹ̀ tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á wá dì sí i, á sì funfun bíi wàrà.

Alákà

Mo gbà. Abẹ́ àtíbàbà nítà ni mo ti ń fín tèmi, mi ò ro ti yàrá kékeré yẹn dáadáa. Mo gbà lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà, oṣù kan gbáko ni èmi fúnra mi fi ń gbé gìtá kọ́ kí n tó gbo ó. Ohun tí mi ò gbà ni pé ṣẹ́lákì tó fún olórin tó ń rìnrìn àjò.

Epo_Lásán

Àárín méjèèjì ni èmi wà. Tru-Oil, epo tí wọ́n fi ń pa ìdí ìbọn onígi, ni mo lò fún gìtá mẹ́ta. Aṣọ kékeré, ẹ̀kán mélòó kan, fi pa á kó fẹ́lẹ́, dúró wákàtí mẹ́ta, tún un pa. Ní ìgbà mẹ́wàá ó ti ń dán díẹ̀. Kò sí pumice, kò sí ìdì akísà tó ń fà, ẹni tí kò ṣe é rí lè ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọrùn gìtá tí mo fi epo yìí pa kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bó ti wù kéèyàn làágùn tó. Pa ojú, ẹ̀yìn, ọrùn, gbogbo rẹ̀, kó o sinmi.

Àǹtí Ṣẹ́lákì

Mo fara mọ́ ti ọrùn. Ti ojú ni mi ò fara mọ́. Spruce rọ̀, ó sì ń mu epo bí òwú. Epo tó bá ti wọ inú rẹ̀ ò ṣeé yọ mọ́, á sọ igi di aláwọ̀ ìyeyè, á tún fi ìwúwo kún pákó tó jẹ́ pé torí kó lè fúyẹ́ la ṣe fá a títí ó fi ku mìlímítà méjì àti ààbọ̀. Bó bá jẹ́ dandan kéèyàn fi epo pa ojú, kó kọ́kọ́ fi ṣẹ́lákì dí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí epo lè dúró sókè.

Mo ń tẹnu mọ́ ojú torí pé ojú ni gìtá. Antonio de Torres, ará Sípéènì tí gìtá onígi òde òní tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ṣe gìtá kan ní 1862 tó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, spruce nìkan ló fi ṣe ojú, kó lè fi han àwọn èèyàn pé ojú yẹn ni ohùn ti ń wá. Gìtá náà ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Barcelona. Nítorí náà, lórí ẹ̀yìn, ẹ kùn ún bó bá ṣe wù yín. Lórí ojú, gbogbo ohun tí ẹ bá kùn ún pẹ̀lú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fẹ́lẹ́.

Atúngìtáṣe

Epo_Lásán ò sọ ti akísà. Akísà tó bá ti mu epo tó ń gbẹ, Tru-Oil tàbí epo linseed, máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó bá wà ní ìdì, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Má jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Tẹ́ ẹ síta lórí sìmẹ́ǹtì kó gbẹ gan-an, tàbí kó o rì í sínú omi.

Epo_Lásán

Òótọ́ ni, ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Orí wáyà ìsáṣọ níta ni mo ń sá tèmi sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

OníGìtáÀkọ́kọ́

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí Àǹtí ṣe wí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ tọ̀nà! Apá ìsàlẹ̀, níbi tó gbòòrò jù, kùrukùru ló bò ó. Lápá òkè, inú ihò igi ló ti funfun. Mo fi sípíríìtì gba ti ìsàlẹ̀ ní ọ̀sán, ó lọ pátápátá. Ṣẹ́lákì tí mo kán sórí dígí náà ò gbẹ títí di òní, inú agolo ni mo ti rà á.

Àmọ́ iná yẹn tún fi ohun mìíràn hàn mí. Lójú spruce, lẹ́bàá etí maple, àbààwọ́n gúlù wà ní ibi mẹ́ta tí mi ò rí tẹ́lẹ̀, ó dà bí ibi tí omi ta sí. Ṣé ṣẹ́lákì á bò ó? Báwo ni ẹ sì ṣe ń ṣe ti ibi tí bíríìjì máa jókòó sí, ṣé kí n kùn ún ni àbí kí n fi sílẹ̀?

Kàfíńtà_Àgbà

Inú mi dùn pé ti ìsàlẹ̀ lọ. Àbààwọ́n gúlù yẹn, po àwọ̀ díẹ̀ tó jọ ti igi, kó o fi pa gbogbo ojú, á dọ́gba.

Àǹtí Ṣẹ́lákì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kì í ṣe lórí spruce. Àwọ̀ tí a bá fi pa spruce tààrà kì í tẹ́: apá tó rọ̀ á mu ún, apá tó le ò ní mu ún, á wá rí kàlákìnní bí ara ẹkùn. Ibi tí gúlù wà kò sì ní mu ún rárá, á kúkú hàn sí i ni. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ máa ń pò ó mọ́ ṣẹ́lákì tàbí lákà ni, kó lè dúró lókè igi.

Ṣẹ́lákì ò bo gúlù. Ó máa ń fi í hàn ni, torí ibi tó bá mu ún á dúdú díẹ̀, ibi tí gúlù wà á sì mọ́ sílẹ̀. Àbúrò, fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fá igi fá a, kó o máa tẹ̀ lé ìlà igi. Irin tó mú dára ju sáńpépà lọ níbí, torí sáńpépà á ti ìyẹ̀fun ọ̀gànwó pupa wọ inú spruce, á sì ba maple funfun yẹn jẹ́. Lẹ́yìn náà, fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu gbogbo ojú. Irun igi á dìde, àbààwọ́n tó bá sì kù á fara hàn kedere nígbà tí igi bá tutù. Bó bá gbẹ, fi nọ́ńbà 320 gbà á féfé. Tún fi iná wò ó. Má kánjú níbí yìí. Iṣẹ́ tó ń bẹ kí a tó ṣí ìgò ṣẹ́lákì ló pọ̀ jù nínú kíkùn.

Ohun kan tún nìyí: bí o bá ń kun ẹ̀gbẹ́, má fi akísà tó ti kan ọ̀gànwó kọjá sórí maple tàbí sórí spruce. Sípíríìtì ń tú àwọ̀ igi pupa jáde. Rosewood tún burú jùyẹn lọ. Fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun maple àti etí spruce nìkan lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n dí, kó o tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́.

Atúngìtáṣe

Ní ti bíríìjì: gúlù kì í di ṣẹ́lákì mú. Igi sí igi ni bíríìjì gbọ́dọ̀ jókòó sí, torí okùn mẹ́fà á máa fà á tọ̀sán-tòru. Èyí tó pọ̀ jù nínú bíríìjì tó ṣí tí wọ́n ń gbé wá bá mi, mo máa ń rí kíkùn lábẹ́ etí rẹ̀.

Èmi máa ń fi téèpù bo ibẹ̀ kí n tó kùn ún. Wọn gígùn rẹ̀ dáadáa láti nut, ohun tín-ín-rín tó gbé okùn ró lókè ọrùn, gbé bíríìjì síbẹ̀, fi pẹ́ńsù fa ìlà fúyẹ́ yí i ká, kó o gé téèpù kó kéré sí ìlà yẹn ní ìdajì mìlímítà yíká. Lẹ́yìn kíkùn, wàá yọ téèpù, wàá fá ìdajì mìlímítà tó kù, etí bíríìjì á sì bo ojú ibi tó ti gé.

Alákà

Mi ò lo téèpù mọ́ o. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ fa irun spruce jáde lọ́wọ́ mi, kíkùn sì máa ń ga létí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ògiri. Gbogbo ojú ni mo máa ń kùn. Tó bá gbó, màá gbé bíríìjì síbẹ̀, màá fi ọ̀bẹ tó mú gé yí i ká fẹ́rẹ́, kí n wá fi chisel, irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ igi, fá a kúrò.

Atúngìtáṣe

Àgbà iṣẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ti àkọ́kọ́, bí ọ̀bẹ bá fi díẹ̀ jìn jù, ó ti gé okun spruce níbi tí ìfà okùn ti pọ̀ jù lọ lójú gìtá. Téèpù tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò le ni kó lò, kó má sì jẹ́ kó pẹ́ jù níbẹ̀.

Ìka_Dídùn

Èmi ò mọ gìtá ṣe, títa ni tèmi. Gìtá oníṣẹ́lákì ni mo ń lò láti ọdún mọ́kànlá, mo sì ń gbé e rìnrìn àjò, nítorí náà mo fẹ́ dá Alákà lóhùn. Ibi tí apá mi ń sinmi lé ti pàwọ̀ dà, òótọ́ ni. Mo máa ń wọ aṣọ alápá gígùn, tàbí kí n tẹ́ aṣọ pẹlẹbẹ kékeré síbẹ̀. Lọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta, ẹni tó ṣe é máa ń fi ọ̀sán kan tún ibẹ̀ kùn, èèyàn ò sì lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gìtá mi kejì tó jẹ́ lákà, rọ́bà ara ìdúró rẹ̀ ló jẹ ẹ́ lọ́rùn di rírọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, kò sì tíì tún ṣe dáadáa dòní. Kò sí èyí tí kò nílò ìtọ́jú.

Ìbéèrè mi: ṣé òótọ́ ni pé kíkùn ni kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin wọ inú igi?

Kàfíńtà_Àgbà

Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń kun tábìlì lókè àti nísàlẹ̀. Mo ń ṣe kàyéfì pé ẹ kì í kun inú gìtá.

Atúngìtáṣe

Ẹ̀gbọ́n, ó ń fà á sẹ́yìn ni, kì í dá a dúró. Bí gìtá bá pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ tó gbẹ, igi á sún kì, bó ti wù kí kíkùn rẹ̀ nípọn tó. Inú gìtá, ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń pa ṣẹ́lákì kan ṣoṣo sí i kí ọ̀rinrin má bàa tètè wọlé tètè jáde. Ohun tó ń dáàbò bo igi ni kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibi tí gìtá ń gbé wà láàárín ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n ọ́n ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹ fi ọ̀kan sínú àpótí gìtá.

OníGìtáÀkọ́kọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo da ṣẹ́lákì inú agolo nù, mo po tuntun. Ibi tí pumice ti funfun, mo fi nọ́ńbà 400 gbo ó díẹ̀, mo wá fi akísà tó ní sípíríìtì púpọ̀ àti ṣẹ́lákì díẹ̀ yí i po pẹ̀lú pumice tí kò ju èyí tó lè lẹ̀ mọ́ orí ìka. Ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́rin kí ihò ẹ̀yìn tó dí. Ní alẹ́ kẹta mo gbọ́ bí ìró akísà ṣe yí padà, ó ń há tẹ́lẹ̀, ó wá ń yọ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti ń dí. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi, mo ní kí n sọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ojú spruce, mo fá gúlù kúrò. Ibi mẹ́ta tí mo rí di márùn-ún nígbà tí mo fi omi nù ún. Mo kùn ún ní ìgbà mẹ́fà péré, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó dán níwọ̀nba. Ọrùn, mo fi epo pa á bí Epo_Lásán ṣe wí, akísà wà lórí sìmẹ́ǹtì níta. Téèpù ni mo lò fún bíríìjì. Mo lẹ̀ ẹ́ lánàá, ó ṣì wà nínú kílámǹbù.

Ó ku ohun kan. Ní ẹ̀yìn gìtá náà, bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí iná, ìlà igi ti ń yọ padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó tẹ́ pátápátá. Ṣé mo ti ṣe ohun tí kò dáa ni?

Àǹtí Ṣẹ́lákì

O ò ṣe ohun tí kò dáa, àbúrò. Ṣẹ́lákì náà máa ń rọ̀ wọ inú ihò bó bá ṣe ń gbẹ, á máa ṣe é fún bí oṣù méjì. Má fi kún un báyìí, torí ohun tó o bá fi kún un á tún wọlé ni. Bí bíríìjì bá ti lo wákàtí mẹ́rìnlélógún nínú kílámǹbù, tú u, fi okùn sí i, gbé e fún ẹni tó ni ín kó máa ta á. Sọ fún un kó má fi aṣọ onírọ́bà tàbí ọtí kàn án, kó sì máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́yìn orin. Tó bá di oṣù kẹta, gbà á padà fún ọjọ́ méjì: nọ́ńbà 1200 àti òróró lórí ẹ̀yìn nìkan, kó o kùn ún lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú èyí tó jẹ́ gíráàmù 12, kó o wá fi akísà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tí sípíríìtì kán sí, fa òróró kúrò lójú rẹ̀ ní títọ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má yí i po nígbà yẹn.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Tó o bá ti fi okùn sí i, wá sọ fún wa.

OníGìtáÀkọ́kọ́

Mo ti fi okùn sí i ní àárọ̀ yìí. Okùn kẹfà ni mo kọ́kọ́ ta, mo sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo pákó náà ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Àbúrò mi á dé ní ọjọ́ Sátidé. Mo ti kọ ọjọ́ oṣù kẹta yẹn sára ìgò ṣẹ́lákì, àmọ́ màá po tuntun tó bá tó àkókò.